Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì Mọ́ Òṣìṣẹ́, àti Sẹ́ríà Tí Wọ́n Ṣe fún Ọ̀gá

Ọ̀rọ̀ kan wà tó bá ẹ̀sìn wa wọ ilẹ̀ Yorùbá tí gbogbo ará ìlú, ẹni tó ń kírun àti ẹni tí kì í kírun, ti sọ di tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà ni sẹ́ríà. Ní èdè Lárúbáwá tó ti ṣẹ̀, ọ̀nà ni ó túmọ̀ sí, òun náà ni òfin tí ènìyàn ń tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìyà tí adájọ́ dá fún arúfin ni a mọ̀ ọ́n sí. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti ṣe sẹ́ríà fún lágbájá, kò sí ẹni tó ń béèrè ìtumọ̀. Ìtumọ̀ tí a fún un nílé yìí ni a ó lò nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí ìbéèrè tó ń jẹ wá lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ: bí òṣìṣẹ́ bá kú síbi iṣẹ́ nítorí pé ọ̀gá kò náání ẹ̀mí rẹ̀, irú sẹ́ríà wo ni wọ́n ń ṣe fún ọ̀gá?

Ẹni tó jí ewúrẹ́, a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ. Awakọ̀ tó fi mọ́tò pa ènìyàn, ọlọ́pàá á ti mú un kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, tí iná sì ká wọn mọ́bẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a fẹ́ fi dáhùn. Kì í ṣe pé ibẹ̀ nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Iná méjì ló jó níbẹ̀, ọgọ́rin ọdún ló wà láàárín wọn, ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ìdájọ́ wọn kò bára mu rárá. Ohun tó fà á tí wọn kò fi bára mu ni ó yẹ ká wádìí.

Iná ọdún 1911

Ní igun òpópónà Washington Place àti Greene Street ní ìlú New York, ilé alájà mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ń pè ní Asch Building nígbà náà. Àjà mẹ́ta tó wà lókè pátápátá, ìkẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá, ni ilé iṣẹ́ Triangle Waist Company wà, níbi tí wọ́n ti ń rán búláòsì obìnrin. Isaac Harris àti Max Blanck ló ni ín. Àwọn méjèèjì ṣí wá láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni, wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì là débi pé àwọn ènìyàn ń pè wọ́n ní ọba búláòsì. Òṣìṣẹ́ wọn tó nǹkan bí 500. Ọmọbìnrin ni púpọ̀ nínú wọn, ọmọ Júù àti ọmọ Ítálì tí kò tíì pẹ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn kò tíì gbọ́ èdè ìlú náà dáadáa. Nínú àwọn tí a ń bọ̀ wá sọ ikú wọn, méjì jẹ́ ọmọ ọdún 14.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911. Iṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́ nígbà tí iná sọ nínú àpótí tí wọ́n ń da àjákù aṣọ sí lábẹ́ tábìlì àwọn agéṣọ ní àjà kẹjọ. Ó jọ pé ìṣáná tàbí ìdí sìgá tí kò kú tán ni ẹnì kan jù síbẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kì í ṣe igi. Kí wọ́n tó bomi sí i, ó ti gba gbogbo àjà náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ fi tẹlifóònù ké sí àjà kẹwàá, níbi tí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá wà. Harris àti Blanck wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gun orí òrùlé, wọ́n gba ibẹ̀ bọ́ sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì yè. Kò sí ẹni tó ké sí àjà kẹsàn-án. Iná fúnra rẹ̀ ló lọ jíṣẹ́ fún wọn.

Àwọn ọmọbìnrin àjà kẹsàn-án sá lọ sí ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí Greene Street. Àwọn tó tètè débẹ̀ bọ́, kò pẹ́ tí iná fi dí i. Wọ́n sá lọ sí èkejì, èyí tó kọjú sí Washington Place. Títì ni wọ́n bá a. Àwọn kan bọ́ sórí àtẹ̀gùn irin tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀yìn ilé nítorí ọjọ́ iná. Ó tẹ̀, ó já, ó sì kó wọn lulẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń wa ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè, Joseph Zito àti Gaspar Mortillalo, lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún padà lọ, títí ẹ̀rọ náà kò fi lè gòkè mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó yè, àwọn ló gbà wọ́n là. Nígbà tí panápaná dé, àkàbà wọn kò ga ju àjà kẹfà lọ. Àwọn tó kù wá dúró lójú fèrèsé, iná lẹ́yìn, kò sí ilẹ̀ níwájú. Ọ̀pọ̀ bẹ́. Àwọn èrò tó wà nísàlẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ìdì aṣọ ni ọ̀gá ń jù sílẹ̀ kí iná má bàa jó o.

Kò tó wákàtí kan tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ènìyàn 146 ló kú, obìnrin 123, ọkùnrin 23.

Kí ló dé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn? Nítorí olè. Àwọn ọ̀gá ní àwọn òṣìṣẹ́ ń jí búláòsì àti ègé aṣọ gbé lọ, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo wọn máa gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde nírọ̀lẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lè máa tú báàgì wọn wò. Bẹ́ẹ̀ òfin ìpínlẹ̀ New York ti sọ ọ́ ṣáájú àkókò yìí pé a kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Òfin wà nínú ìwé, kọ́kọ́rọ́ wà lápò.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ ká fò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1909, àwọn obìnrin aránṣọ tó tó 20,000 yanṣẹ́ lódì ní New York, àwọn ti Triangle sì wà níwájú. Wọ́n nà wọ́n, ọlọ́pàá mú wọn, wọ́n dúró nínú òtútù fún oṣù mélòó kan. Harris àti Blanck gbà níkẹyìn láti fi owó kún owó wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí iná ń bọ̀, kò sí ẹgbẹ́ tó lè wọ ibẹ̀ lọ sọ fún ọ̀gá pé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yìí.

Ẹjọ́ Harris àti Blanck

Ní oṣù kẹrin ọdún 1911, wọ́n fi ẹ̀sùn pípa ènìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ kan àwọn méjèèjì. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá níwájú Adájọ́ Thomas Crain. Ikú ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Margaret Schwartz, ni lọ́yà ìjọba, Charles Bostwick, gbé ka iwájú ilé ẹjọ́, pé bí òun bá lè fìdí ti ọ̀kan múlẹ̀, ìyókù á tẹ̀lé e. Àwọn ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n gbé irin ìtìlẹ̀kùn tí wọ́n hú jáde nínú eérú wá síwájú ilé ẹjọ́, ẹnu rẹ̀ ṣì yọ síta gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n tì í.

Lọ́yà àwọn ọ̀gá ni Max Steuer. Òun náà kì í ṣe ọmọ olówó. Ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ aṣọ rírán rí kó tó di lọ́yà, ó sì mọ irú ẹni tí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí jẹ́. Nígbà tí Kate Alterman, tó wà lájà kẹsàn-án lọ́jọ́ náà, jẹ́rìí sí bí Margaret ṣe kú lẹ́nu ilẹ̀kùn títì, Steuer kò pè é ní onírọ́. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kó tún ìtàn náà sọ. Ó tún un sọ. Ó ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, bí ọmọ iléèwé tó há iṣẹ́ rẹ̀ sórí. Steuer ní kí àwọn tí yóò dájọ́ rí i fúnra wọn pé wọ́n kọ́ ọ ní ohun tó ń sọ ni. Lójú tiwa, ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣojú rẹ̀, tí wọ́n sì ti bi í léèrè lọ́nà ogún láti oṣù kẹta, kò sí bí kò ṣe ní há sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́.

Adájọ́ Crain wá sọ fún ìgbìmọ̀ àwọn ọkùnrin méjìlá tí yóò dájọ́ pé kò tó kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó gbọ́dọ̀ dá wọn lójú láìsí iyèméjì pé àwọn ọ̀gá méjèèjì mọ̀ pé ó wà ní títì ní àkókò náà gan-an, àti pé títì yẹn ló pa Margaret Schwartz.

Ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Kò béèrè ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Kò béèrè ẹni tó ń jèrè rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin méjì ní aago márùn-ún ku díẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló ń béèrè. Ta ni yóò wọ inú ọkàn ẹni ẹlẹ́ni lọ mú ẹ̀rí wá? Ìgbìmọ̀ náà kò lò tó wákàtí méjì. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 1911, wọ́n ní àwọn ọ̀gá kò jẹ̀bi. Àwọn ẹbí òkú ti kún ìta, wọ́n ń ké pé àwọn ń fẹ́ ìdájọ́ òdodo, nítorí náà ẹnu ọ̀nà mìíràn ni wọ́n mú Harris àti Blanck gbà jáde. Ẹnu ọ̀nà yẹn kò sì tì.

Owó ló wá ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà lọ. Nínú ẹjọ́ yẹn, Bostwick bi Harris léèrè pé èló gan-an ni ọjà tí wọ́n ti jí gbé ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó fi gba pé kó ṣọ́ ilẹ̀kùn tó bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé kò lè ju dọ́là 25 lọ. Owó tí ilé iṣẹ́ adójútòfò san fún wọn lẹ́yìn iná ju òfò tí wọ́n lè fi ẹ̀rí hàn lọ ní nǹkan bí dọ́là 60,000. Bí a bá pín in sórí òkú 146, ó lé ní dọ́là 400 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1914, nígbà tí ìdílé 23 tó pè wọ́n lẹ́jọ́ gba owó gbà-máà-bínú, dọ́là 75 péré ni wọ́n san lórí ẹ̀mí kan. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ti ilẹ̀kùn jèrè lórí òkú ju ẹni tó bí òkú lọ.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1913 ló sì dùn wá jù. Ọdún méjì lẹ́yìn iná yẹn, wọ́n tún mú Max Blanck ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ tuntun, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ bí 150 lẹ́nu iṣẹ́. Adájọ́ bu owó ìtanràn lé e: dọ́là 20, èyí tó kéré jù lọ tí òfin gbà láyè. Ẹni tí ènìyàn 146 kú sí lọ́rùn tún lọ ti ilẹ̀kùn, kò sì ná an tó owó ọjà tó ní wọ́n ń jí. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀rí ọkàn á kọ́ ọ̀gá lọ́gbọ́n lẹ́yìn àjálù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ka ti Blanck.

Kì í ṣe pé iná náà kò so èso rere kankan. Ìpínlẹ̀ New York gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 1911 lábẹ́ Robert Wagner àti Al Smith. Obìnrin kan wà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, Frances Perkins, tó fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn ọmọbìnrin náà bí wọ́n ti ń bẹ́ láti ojú fèrèsé. Òun ló di mínísítà òṣìṣẹ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà láti 1933 sí 1945. Wọ́n ṣe òfin lórí ilẹ̀kùn, lórí omi ìpaná tí ń rọ̀ láti àjà, lórí wákàtí iṣẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò òṣìṣẹ́ sì dé níkẹyìn ní ìparí ọdún 1970. Ọ̀nà tí òfin wọ̀nyí gbà ni pé kí wolé-wolé ìjọba máa wọ ilé iṣẹ́ kí nǹkan tó bàjẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n apá sẹ́ríà kò kúrò lójú kan. Nínú òfin 1970 yẹn, ọ̀gá tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin tí òṣìṣẹ́ sì tipa bẹ́ẹ̀ kú, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè ju oṣù mẹ́fà lọ bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Títí di bí a ti ń kọ èyí, oṣù mẹ́fà náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni òfin mìíràn wà tí ìjọba kan náà ṣe ní ọdún 1971 láti dáàbò bo ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú igbó. Ẹni tó bá yọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́nu lórí ilẹ̀ ìjọba lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Májèlé ní Illinois

Nítorí pé òfin ààbò kò ní eyín tó bẹ́ẹ̀, àwọn lọ́yà ìjọba kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin ìpànìyàn tí wọ́n fi ń mú adigunjalè. Ìlú Elk Grove Village lẹ́bàá Chicago ni ti wọn ti kọ́kọ́ dún káàkiri. Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀, Film Recovery Systems, tó ń fa fàdákà jáde lára àwọn fọ́tò ẹ̀kisíréè tí ilé ìwòsàn ti lò tì. Sáyánáìdì ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, májèlé tí díẹ̀ nínú rẹ̀ ń pa ènìyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ náà, ará Mẹ́síkò àti ará Pólándì ni ọ̀pọ̀, wọn kò lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àmì agbárí òkú tó wà lára àwọn àgbá náà, àmì tí púrúǹtù pàápàá ì bá mọ̀, wọ́n ti ha á kúrò. Ní oṣù kejì ọdún 1983, ọ̀kan nínú àwọn ará Pólándì náà ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú.

Ní ọdún 1985, adájọ́ dá ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà àti àwọn méjì tó ń bójú tó iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lẹ́bi ìpànìyàn gan-an, ó sì rán ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wọ̀n ọdún 25. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1990, ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ da ìdájọ́ náà nù. Wọ́n ní adájọ́ ti dá ilé iṣẹ́ lẹ́bi pípa ènìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, ó sì tún dá àwọn tó ń darí rẹ̀ lẹ́bi ìpànìyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Méjèèjì kò lè jọ dúró. Ní ọdún 1993 wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn tó fúyẹ́. Ọdún 25 wá di ọdún mẹ́ta fún ọ̀gá àgbà.

Iná ọdún 1991

Hamlet ni orúkọ ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ìlú kékeré tí rélùwéè sọ di ìlú. Iṣẹ́ kò pọ̀ níbẹ̀ mọ́ nígbà tí Imperial Food Products ti Emmett Roe wá ṣí ilé iṣẹ́ adìẹ sílẹ̀. Adìẹ ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń dín, tí wọ́n ń dì fún ilé oúnjẹ. Obìnrin ló pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ jẹ́ adúláwọ̀, ọ̀pọ̀ sì ń dá tọ́mọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, nǹkan bí 90 ènìyàn wà nínú ilé. Ọ̀pá rọ́bà kan tó ń gbé epo ẹ̀rọ já lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ńlá tí wọ́n fi ń dín adìẹ, epo náà tú dà sórí iná gáàsì, èéfín dúdú sì gba gbogbo ilé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí omi ìpaná tí ń rọ̀ láti àjà. Wọ́n sá lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, títì. Wọ́n sá lọ sí òmíràn, títì. Àwọn kan sá wọ inú yàrá tí wọ́n ń mú adìẹ tutù sí, ibẹ̀ ni èéfín bá wọn. Lára ilẹ̀kùn kan, wọ́n bá àmì bàtà àwọn tó ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a. Ènìyàn 25 ló kú, 18 nínú wọn obìnrin. Àwọn tó farapa lé ní 50.

Nítorí kí ni wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn? Kí òṣìṣẹ́ má bàa jí adìẹ.

Ohun kan wà nínú ìtàn Hamlet tí a kò lè gbàgbé. Ọdún mọ́kànlá ni ilé iṣẹ́ yìí fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wolé-wolé ààbò òṣìṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ kò tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀ rí, kò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n wolé-wolé mìíràn ń wá lójoojúmọ́, ti ìjọba àpapọ̀, láti wo adìẹ bóyá ó dára fún jíjẹ. Ìjọba mọ bí ara adìẹ ṣe rí lárọ̀ọ́lọ̀. Àwọn tó ń dín in kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ìpínlẹ̀ náà bu owó ìtanràn dọ́là 808,150 lé ilé iṣẹ́ náà, kò sì ṣí padà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, Emmett Roe dúró níwájú ilé ẹjọ́, ó sì gbà pé òun jẹ̀bi pípa ènìyàn 25 láìmọ̀ọ́mọ̀. Torí pé ó gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n fagi lé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọmọ rẹ̀ àti ọ̀gá kan lẹ́nu iṣẹ́ náà. Adájọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 19 àti oṣù 11. Kò sí Steuer kankan tó ní kí àwọn obìnrin Hamlet tún ìtàn wọn sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Kí ló yàtọ̀ sí ti 1911? Ilẹ̀kùn kan náà ni, ẹ̀rù olè kan náà ni, àwọn òtòṣì obìnrin kan náà ni. Ìbéèrè tí ilé ẹjọ́ béèrè ló yí padà. Ní New York, wọ́n ní kí lọ́yà ìjọba fi hàn pé ọ̀gá mọ̀ ní ìṣẹ́jú tí iná dé pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Ní Hamlet, ó tó pé òun ló ní kí wọ́n máa tì í, àti pé ẹni tó bá ní làákàyè á mọ ohun tó lè ti ibẹ̀ wá. Ìbéèrè kejì yìí ni ó bá ọgbọ́n mu lójú wa. Ọ̀gá tó pàṣẹ kò nílò kí ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àṣẹ rẹ̀ ló ń bá a dúró síbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn ẹbí òkú ní Hamlet kò yọ̀. Wọ́n ṣírò: oṣù 239 fún ẹ̀mí 25, kò pé oṣù mẹ́wàá lórí ẹnì kan. Bí Roe tún ṣe máa jáde nìyẹn kó tó pé ọdún márùn-ún nínú ẹ̀wọ̀n. A mọ̀ pé ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò ní òpin, nítorí kò sí iye oṣù tí yóò tó ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò bọ̀ nílé. Ohun tí a lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú ni pé Roe kò tún lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọdún méjì bíi ti Blanck. Ìpínlẹ̀ náà sì ṣe òfin ààbò tuntun 14, ó fi wolé-wolé rẹ̀ kún láti 60 di 114. Ẹ̀wọ̀n nìkan kò bá ti ṣe èyí. Àwọn wolé-wolé nìkan, láìsí ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn wọn, àwọn ọ̀gá á máa san owó ìtanràn bí ẹni san owó iná mànàmáná.

Nílé ńkọ́

Bí a bá wá yíjú sí ilé, a óò rí i pé òfin kò ṣàìsí. Òfin ilé iṣẹ́ ti Nàìjíríà tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1987, èyí tó jogún púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òfin àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń jẹun, a kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi lè ṣí i kíá. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-máà-bínú sì ṣètò pé kí ẹbí òṣìṣẹ́ tó bá kú lẹ́nu iṣẹ́ rí owó gbà láti inú àpò tí àwọn ọ̀gá ń dá owó sí lọ́dọ̀ NSITF. Kí ẹ̀yin ìdílé tí irú rẹ̀ bá kàn má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àpò ìrẹsì méjì àti ọ̀rọ̀ àánú dí yín lẹ́nu. Ẹ̀tọ́ ni owó náà, kì í ṣe sàráà. Ṣùgbọ́n owó gbà-máà-bínú kì í ṣe sẹ́ríà. Àpò tí gbogbo ọ̀gá jọ dá ló ti ń wá, ẹni tó ti ilẹ̀kùn àti ẹni tó ṣí i sílẹ̀ ló jọ ń san án.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ọdún 15 lẹ́yìn tí òfin ilẹ̀kùn yẹn ti wà nínú ìwé, iná sọ lóru ní ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Odógunyàn, ní Ìkòròdú, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ wà nínú. Wọ́n sá dé ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n ti tì í láti ìta.